Aginjù, Òkè Èkìtì àti Ẹni Tó Dákẹ́

(Ọ̀rọ̀ àsọyé fún ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ kan ní Adó-Èkìtì, ní àkókò Lẹ́ńtì)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ pa oko àti ọjà tì lọ́jọ́ Sátidé kí ẹ lè wá gbọ́ ọ̀rọ̀, mo kí yín. Ẹ kú ìkàlẹ̀. Àwọn tó ránṣẹ́ pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ààwẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààwẹ̀, tí a kì í sábà gbọ́ lórí àga ìwàásù: kí ènìyàn dá nìkan lọ sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni, kó jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan níwájú Ọlọ́run, kó sì dákẹ́.

Ojú ọjọ́ ti bá mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Eruku tí ẹ nù kúrò lórí àga yín láàárọ̀ yìí, aṣálẹ̀ ló ti wá. Ibì kan wà ní àríwá ilẹ̀ Ṣáàdì tí wọ́n ń pè ní Bodélé. Adágún odò ńlá ló wà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Omi rẹ̀ gbẹ, ó ku erùpẹ̀ tó funfun, tó sì kúnná bí èlùbọ́. Tí ọyẹ́ bá dé, atẹ́gùn a gbé erùpẹ̀ yìí, a gbé e kọjá Kánò, a gbé e kọjá odò Ọya, a sì wá dà á sórí ewé kòkó wa ní Ìsẹ̀ àti Ẹmùré. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀ jìnnà sí ọmọ Èkìtì.

Mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò rọrùn létí Yorùbá. Ènìyàn laṣọ wa. Bí ọmọ bá jókòó sí kọ̀rọ̀ fún wákàtí kan péré, ìyá rẹ̀ á béèrè pé ta ló nà án. Bí àgbàlagbà bá ń dá gbé, ará àdúgbò á máa sọ pé kí ló dé tí kò ní ẹnìkan. A sì tún máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni níwájú ọba àti níwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n Ẹni tó mọ ẹjọ́ kí a tó kó o dé iwájú Rẹ̀, kì í ṣe ariwo la fi ń rán an létí. Ohun tí mo gbàgbọ́ tí mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò ni pé àwa tí a mọ àdúrà kíké dunjú nílẹ̀ yìí, ìdajì àdúrà la mọ̀. Ìdajì kejì wà nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti ìdánìkanwà. Ẹni tó bá sì kọ́ ọ dáadáa kì í sá fún ènìyàn mọ́. Ọ̀dọ̀ ènìyàn gan-an ló ń gbé e padà sí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Èlíjà, nínú ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19. Gbogbo wa la mọ ìtàn Òkè Kámẹ́lì, iná tó bọ́ láti ọ̀run. A fẹ́ràn láti wàásù rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni a máa ń sáré kọjá. Jésíbẹ́lì ránṣẹ́ pé òun yóò pa á, ọkùnrin náà sì sá. Nígbà tó dé Bíáṣébà, ó fi ìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi ọkàn sí i: ó fi ẹni kan ṣoṣo tó wà pẹ̀lú rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá rin ìrìn ọjọ́ kan wọ inú aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Kí ni Ọlọ́run ṣe? Kò bá a wí, kò sì fún un ní kókó àdúrà. Ó jẹ́ kó sùn. Áńgẹ́lì jí i, ó fún un ní àkàrà tí a dín lórí ẹ̀yin iná àti ìgò omi. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i lẹ́ẹ̀kejì pé kó jẹun, nítorí ọ̀nà náà jìn jù fún un. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ìyà ni a fi ń jẹ ara ní aginjù, ẹ tún ibẹ̀ kà.

Ìgbà tó dé ihò àpáta ní Hórébù, ìjì líle kọjá, ìsẹ̀lẹ̀ kọjá, iná kọjá, Olúwa kò sì sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn iná ni ohùn kẹ́lẹ́ kékeré. Ìbéèrè tí ohùn náà sì bi í kò le rárá: "Kí ni ìwọ ń ṣe níhìn-ín, Èlíjà?" Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bi í, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì fèsì pé òun nìkan ṣoṣo ló kù. Ọlọ́run sọ fún un pé ẹgbẹ̀rún méje ni òun ṣẹ́kù ní Ísírẹ́lì tí kò kúnlẹ̀ fún Báálì, ó sì ní kó padà gba ọ̀nà tó gbà wá, kó lọ fi òróró yan ọba, kó lọ wá Èlíṣà. Ẹni tó wọ aginjù tó ń pariwo pé òun nìkan ló kù, ìgbà tó jáde ló mọ̀ pé òun ní ẹgbẹ̀rún méje ará.

Mi ò ní pẹ́ lórí àwọn yòókù. Mósè wà lẹ́yìn agbo ẹran kí ó tó rí igbó tó ń jó. Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Gálátíà pé Arébíà ni òun kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe Jerúsálẹ́mù. Jésù Olúwa wa gbààwẹ̀ ní aginjù fún ogójì ọjọ́, Máàkù sì sọ pé ó wà pẹ̀lú àwọn ẹranko. Lúùkù 5:16 sọ pé ó máa ń yẹra lọ sí aginjù láti gbàdúrà. Èyí fi hàn pé kò dúró lórí ogójì ọjọ́ yẹn nìkan, àṣà rẹ̀ ni.

Àwọn tó mú àṣà yìí di ọ̀nà ìgbé ayé, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti ṣe é. Ó yẹ kí inú wa dùn sí èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ló rò pé òyìnbó ló kó o dé. Ní Íjíbítì, ní nǹkan bí ọdún 251, wọ́n bí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Áńtónì. Àwọn òbí rẹ̀ ní ilẹ̀ oko tó dára. Lẹ́yìn ikú wọn, ó gbọ́ lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì bí wọ́n ti ń ka ọ̀rọ̀ tí Jésù sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́rọ̀ nì, pé kó lọ ta gbogbo ohun tó ní. Ó fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún àwọn ará abúlé, ó fi àbúrò rẹ̀ obìnrin sí ọwọ́ àwọn tí yóò tọ́jú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá gbé. Ó tó ogún ọdún tó fi wà nínú ilé ológun àtijọ́ kan tó ti di ahoro. Ibi tó parí ayé rẹ̀ sí, lórí òkè kan nítòsí Òkun Pupa, ilé àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn onígbàgbọ́ tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà, ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ọdún 356 ló kú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 311, nígbà tí ìjọba ń pa àwọn Kristẹni ní Alẹkisáńdíríà, Áńtónì kúrò ní aginjù, ó wọ ìlú lọ láti dúró ti àwọn tó wà lẹ́wọ̀n. Òkè kò gbàgbé ìlú.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkùnrin àti obìnrin wọ inú aginjù Íjíbítì. Ibì kan tó lókìkí ni Sẹ́tísì, tí wọ́n ń pè ní Wádì Nàtrúnì lóde òní, láàárín Kàírò àti Alẹkisáńdíríà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń gbé, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Olúkúlùkù ní yàrá tirẹ̀, ó jìnnà sí ti ẹnìkejì. Láàárín ọ̀sẹ̀, kálukú á wà níbẹ̀ pẹ̀lú àdúrà àti iṣẹ́ ọwọ́. Lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, wọn á kó ara wọn jọ, wọn á gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, wọn á jẹun pọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ẹní híhun àti agbọ̀n híhun láti ara imọ̀ ọ̀pẹ. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, àwọn ìyá wa ní Ògòtún-Èkìtì ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìyá Ògòtún rí nídìí ẹní, tí ọwọ́ ń lọ tí ọwọ́ ń bọ̀, tí ẹnu pa dé, yóò mọ ohun tí àwọn ará aginjù yẹn mọ̀: pé bí ọwọ́ bá rí iṣẹ́ kékeré ṣe, ọkàn á lè dúró lójú kan.

Ọ̀kan nínú wọn ni Mósè tí wọ́n ń pè ní Mósè Dúdú. Adigunjalè ni kó tó ronú pìwà dà. Lọ́jọ́ kan, arákùnrin kan ṣẹ̀, àwọn àgbà sì pe ìpàdé láti dá a lẹ́jọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí Mósè, kò lọ. Wọ́n tún ránṣẹ́, ó wá gbé ìkòkò tó ń jò kọ́ ẹ̀yìn, ó fi omi kún un, ó ń bọ̀. Wọ́n bi í pé kí lèyí. Ó ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ mi ló ń dà sílẹ̀ lẹ́yìn mi tí mi ò rí i, ẹ sì pè mí wá dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́." Wọ́n dárí ji arákùnrin náà. Ẹ̀yin ará mi, bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá aginjù ti ṣiṣẹ́ lára ẹnìkan, mi ò ní béèrè iye ọjọ́ tó fi gbààwẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ṣubú ni mo máa tẹ́tí sí.

Ní báyìí, mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀sán gangan.

Ọkùnrin kan tó gbé ní aginjù Íjíbítì kan náà, Evagrius ni orúkọ rẹ̀, ó kú ní ọdún 399. Ó ṣàlàyé ohun tó máa ń bá ẹni tó dá wà jà nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí. Ó ní ọjọ́ á wá gùn bí ẹni pé wákàtí àádọ́ta ló ní. Ènìyàn á máa yọjú lójú fèrèsé, á máa wo oòrùn bóyá ó ti rìn. Ibi tó wà á sú u, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ á sú u. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé kò sí ẹni tó fẹ́ràn òun mọ́. Á rántí ilé, á rántí bí ayé rẹ̀ ṣe máa gùn tó nínú ìyà yìí. Ohun kan ṣoṣo tí ọkàn rẹ̀ á máa sọ ni pé kó dìde kó máa lọ. Wọ́n so èyí mọ́ Sáàmù 91, ìparun tí ń run ni ní ọ̀sán gangan. Àwọn bàbá wa náà kò fẹ́ kí ọmọdé máa rìn kiri ní ọ̀sán gangan. Wọ́n mọ̀ pé wákàtí yẹn ní agbára tirẹ̀. Mi ò sọ pé nǹkan kan náà ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dá wà rí láìsí fóònù lọ́wọ́ yóò mọ̀ pé òru kọ́ ló le jù. Ọ̀sán ni.

Mo ti wà nínú aṣálẹ̀ Sínáì rí fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn ìrìn-àjò mímọ́ kan, ní ìsàlẹ̀ òkè tí wọ́n ń pè ní Òkè Mósè. Òkè náà ga tó mítà 2,285, ilé àwọn mọ́ńkì tí Ọba Justinian kọ́ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún àti ààbọ̀ sẹ́yìn sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin Lárúbáwá kan tó mọ gbogbo òkúta ibẹ̀ ló mú mi lọ sí àfonífojì kan, ó ń gbé omi wá fún mi láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu kì í ṣe oòrùn. Àìsí ohùn ni. Ní Adó níbí, bí jẹnẹrétọ̀ bá dákẹ́, ajá á gbó. Bí ajá bá dákẹ́, ìrẹ̀ á máa ké. Níbẹ̀, kò sí ìrẹ̀, kò sí ewé tí atẹ́gùn máa mì. Mo ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn létí ara mi. Òkúta tó gbóná lọ́sàn-án débi pé n kò lè fọwọ́ kàn án, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti tutù débi pé gbogbo aṣọ tí mo ní ni mo wọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìjà bẹ̀rẹ̀. Mo ń bá àwọn tí kò sí níbẹ̀ ṣe àríyànjiyàn: àna kan, ẹnìkan tó jẹ mí lówó, ọ̀gá kan tí mo ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́. Mo rojọ́, mo jàre, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa gbè mí, kò sí ẹni tó máa ta kò mí, nígbà tó yá ẹjọ́ náà rẹ ara rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù ni orúkọ àwọn ènìyàn yẹn, láìsí ẹ̀sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Mo dá orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú Ọlọ́run, mi ò sì fi ohunkóhun kún un. Mi ò rí ìran kankan. Bí ẹnìkan bá béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni mo gbà ní aṣálẹ̀, ohun tí mo gbà nìyẹn, mo sì dúpẹ́ títí dòní.

Kò pọn dandan kí a lọ sí Sínáì. Ọlọ́run fi òkè fún Èkìtì. Ẹ wo Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ wo àwọn òkè tó yí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ká. Láyé ogun, orí òkè ni àwọn bàbá ńlá wa sá sí. Wòlíì Joseph Ayo Babalola, tí wọ́n bí ní Odò-Ọwá ní 1904, tó gbọ́ ìpè Ọlọ́run ní 1928 nígbà tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì, ìsọjí tó bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní 1930 ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ló wà láàárín ìpè àti ìsọjí náà. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè nílẹ̀ wa níbí ni wọ́n sin ín sí ní 1959, àwọn ènìyàn ṣì ń lọ gbàdúrà níbẹ̀. Ní Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, àwọn míṣọ́nnárì Bàptísì láti Amẹ́ríkà ti rí i láti bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn pé ibẹ̀ dára fún ìpàgọ́ àdúrà. Kódà ṣáájú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, Yorùbá mọ̀ pé ọba tí a yàn kì í ti ọjà bọ́ sórí ìtẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ mú un wọ ìpèbí, wọ́n á yà á sọ́tọ̀ kúrò lójú ayé, kó lè kú sí ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Àwọn ará wa Mùsùlùmí náà mọ̀ ọ́n. Inú ihò Hírà, lórí òkè kan lẹ́bàá Mẹ́kà, ni Ànábì Muhammad máa ń lọ dá wà sí, ibẹ̀ sì ni wọ́n gbà pé ìṣípayá àkọ́kọ́ ti bá a ní nǹkan bí ọdún 610. Títí dòní, àwọn kan ń yà ara wọn sọ́tọ̀ sí mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn Ràmàdánì.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí òkè wa? Mo ti gun ọ̀pọ̀ òkè àdúrà nílẹ̀ yìí. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà níbẹ̀, ìlù wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá wà níbẹ̀. Olúkúlùkù mú ìwé kókó àdúrà dání: iṣẹ́, físà, ọmọ, ọ̀tá. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ọ̀dọ́ tó jáde yunifásítì láti ọdún mélòó kan tí kò ríṣẹ́, níbo ni ẹ fẹ́ kó gbé ẹkún rẹ̀ lọ? Kó ké. Bátímáù ké, Jésù sì dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n Hánà náà wà nínú Bíbélì, tí ètè rẹ̀ nìkan ń mì tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, àlùfáà sì rò pé ó ti mutí yó. Ní ọ̀pọ̀ òkè wa lónìí, kò sí àyè fún Hánà. Bó bá jókòó jẹ́ẹ́, ẹnìkan á fọwọ́ tọ́ ọ pé kó jí, kó gbàdúrà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn tó ni òkè ya apá kan sọ́tọ̀, kódà kó jẹ́ abẹ́ igi mẹ́ta péré, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ti pariwo.

Ó ku ọ̀rọ̀ ara àti ààbò, mi ò sì ní fi í ṣeré. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba aládé méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Èkìtì, wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Ẹmùré lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo ní kí òun dá wọ igbó. Ibi tó ní ọgbà àti ọdẹ ni kí ẹ wá: ilé ìyàsọ́tọ̀ ìjọ, ilé-ìwé nígbà ìsinmi. Kí ẹnìkan nílé mọ ibi tí ẹ wà àti ọjọ́ tí ẹ ó padà. Ẹ mu omi. Ìgbà ọyẹ́ máa ń gbẹ omi ara láì jẹ́ kí ènìyàn làágùn, bí ìtọ̀ bá ti pọ́n, omi ti dín lára. Aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, aláboyún, ẹ má ṣe gbààwẹ̀ láì kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí ó wà lórí òkè.

Ẹni tí ìbànújẹ́ ti gbà lọ́kàn débi pé ó ń ronú ikú, kì í ṣe ẹni tí a ń fi sílẹ̀ lóun nìkan. Áńgẹ́lì ni Ọlọ́run rán sí Èlíjà, pẹ̀lú oúnjẹ lọ́wọ́. Ẹ wà pẹ̀lú onítọ̀hún, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ó sì dùn mí wọra pé àwọn ilé àdúrà kan wà nílẹ̀ Nàìjíríà tí wọ́n ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń dààmú, tí wọ́n ń fi ebi pa á, tí wọ́n ń pè é ní ìtúsílẹ̀. Ìdánìkanwà tí mo ń sọ, ẹni tó wọ inú rẹ̀ ló fẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò sì tì.

Ẹnìkan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí n tó jókòó. Charles de Foucauld, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n bí ní 1858. Ológun ni, ó sì ti pa ìgbàgbọ́ tì. Ìgbà tó rìn káàkiri Mòrókò ní 1883 sí 1884, tó rí bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń gbàdúrà, ni ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó padà di àlùfáà, ní 1905 ó sì lọ gbé láàárín àwọn Tuareg, ẹ̀yà darandaran kan nínú aṣálẹ̀, ní Tamanrasset, ní àárín gbùngbùn Sàhárà ilẹ̀ Àlìjíríà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1908, nígbà ọ̀dá, ó ṣàìsàn débi pé kò lè dìde mọ́. Àwọn Tuareg tí ebi ń pa àwọn fúnra wọn wá gbogbo ewúrẹ́ tó ṣì ní wàrà ní agbègbè náà, wọ́n fún wàrà wá fún un, ó sì yè. Ó ti rò pé òun ló wá láti fún wọn ní nǹkan. Láti ìgbà yẹn, ó fi ọ̀pọ̀ wákàtí rẹ̀ kọ́ èdè wọn, ó kó ewì àti ọ̀rọ̀ wọn jọ sínú ìwé atúmọ̀ èdè ńlá. Wọ́n pa á ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, 1916. Póòpù Francis sọ ọ́ di ẹni mímọ́ ní 2022.

Àwọn ìbéèrè kan tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà. Mo kọ mẹ́ta síhìn-ín nítorí àwọn tí kò lè wá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè pé bí òun bá gbọ́ ohùn ńkọ́? Mo ní kó má ṣe yára kéde rẹ̀. Àwọn ará aginjù ní ìtàn kan: Sátánì gbé àwọ̀ áńgẹ́lì ìmọ́lẹ̀ wọ̀, ó yọ sí mọ́ńkì kan, ó ní òun ni Gébúrẹ́lì, a rán òun sí i. Mọ́ńkì náà ní, "Wò ó dáadáa, bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n rán ọ sí, èmi kò yẹ fún irú èyí." Ó sì pòórá. Gbogbo wọn ló ní àgbà kan tí wọ́n ń ro ọkàn wọn fún. Wá àgbà tí kò ní gba owó lọ́wọ́ rẹ, sọ ohun tí o gbọ́ fún un, kí o sì dúró.

Ìyá kan tó ń ta gààrí lọ́jà ní ọmọ mẹ́rin wà lọ́rùn òun, ìgbà wo ni òun fẹ́ lọ? Mo bẹ àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ níbẹ̀ yẹn pé kí wọ́n pín ara wọn: méjì á tọ́jú àwọn ọmọ, ẹnìkan á jókòó ti ìsọ̀, láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ sí ọ̀sán Sọ́ńdè. Wọ́n gbà. Bí kò bá ṣeé ṣe lóṣù yìí, kó gba wákàtí kan kí ilẹ̀ tó mọ́, kó pa fóònù, kó ka Sáàmù kan ṣoṣo, kó sì jókòó. Bí oorun bá gbé e lọ, kó sùn.

Ìyá àgbà kan ní ẹsẹ̀ òun kò lè gun òkè mọ́, àwọn ọmọ òun sì wà ní Èkó, òun nìkan ló wà nínú ilé láti Mọ́ńdè dé Sátidé. Mo ní, "Màmá, ẹ ti wà ní aginjù ṣáájú gbogbo wa. Tiyín ni pé kí àwa máa wá sọ́dọ̀ yín." Àwọn ọ̀dọ́ méjì dìde, wọ́n béèrè àdírẹ́sì ilé rẹ̀.

Àwọn tó bá fẹ́ bá wa lọ fún ọjọ́ mẹ́ta kí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ tó wọlé, ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹ mú ẹní, aṣọ òtútù, Bíbélì, oògùn yín, àti iṣẹ́ ọwọ́ kékeré kan. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń retí yín nílé sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ yín.